Ẹnu Pọ́fà: Bí A Ṣe Ń Sin Ẹja Ẹlẹ́gùn-ún Inú Òkun Nínú Táǹkì Ilé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìtọ́jú tí pọ́fà, ẹja tó máa ń wú bí ẹ̀rù bá bà á, máa gbà lọ́wọ́ yín, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Eyín rẹ̀ kò dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bíi ti ẹja mìíràn. Ó dì pọ̀, ó ki, ó sì tẹ̀ bí àgógó odídẹrẹ́. Òun ló fi ń fọ́ ìkarahun akàn àti ìṣáwùrú nínú òkun. Ẹnu kan náà ló ń ba omi táǹkì jẹ́, òun ló ń gé lẹbẹ́ ẹja tí wọ́n jọ ń gbé, òun ló ń já wáyà hítà. Eyín inú rẹ̀ kì í dáwọ́ híhù dúró, ó sì lè gùn títí tí ebi á fi pa ẹja náà kú pẹ̀lú oúnjẹ níwájú rẹ̀. Ohun tí mo máa sọ nípa táǹkì, omi, iná àti àìsàn nínú orí ìwé yìí, ọ̀dọ̀ ẹnu yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹja yìí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ ọ́ ní gbangba fún ẹni tí àyè ilé rẹ̀ kéré, tàbí ẹni tí kì í gbélé, pé kó wá ẹja mìíràn sìn.

Èwo nínú wọn ni kí ẹ rà?

Pọ́fà inú òkun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ pín sí ìdílé méjì. Ìdílé kìíní ni Tetraodontidae. Eyín pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà lẹ́nu wọn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Inú ìdílé yìí ni pọ́fà olójú ajá wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Arothron nigropunctatus, àti pọ́fà ẹtù, Arothron meleagris, tó gba orúkọ rẹ̀ látinú àmì funfun tótòtó tó kún ara rẹ̀. Arothron stellatus náà wà níbẹ̀, òmìrán tó lè gùn ju mítà kan lọ. Ẹni tó bá tà á fún yín pé kí ẹ lọ fi sínú táǹkì pálọ̀ kò ṣe yín lóore, kò sì ṣe ẹja náà lóore. Ìdílé kejì ni Diodontidae, àwọn ẹlẹ́gùn-ún. Eyín òkè tiwọn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tìsàlẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Pọ́fà ẹlẹ́gùn-ún gígùn, Diodon holocanthus, ni mo máa gbájú mọ́. Ó ń gbé nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ káàkiri ayé, títí kan òkun Àtìláńtíìkì ní ìhà Áfíríkà àti ní ìhà Amẹ́ríkà. Òru ló ń jáde wá oúnjẹ; ọ̀sán, abẹ́ àpáta ló máa ń lúgọ sí. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì ń dán. Bó bá ti dá yín mọ̀ tán, yóò máa wá sídìí gíláàsì nígbàkigbà tó bá rí i tí ẹ ń kọjá. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 nínú òkun, àmọ́ nínú táǹkì, bíi 30 ló sábà máa ń dé. Ó sì máa ń pẹ́ láyé: ọdún mẹ́wàá kì í ṣe tuntun fún èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa. Ọmọ yín tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́jọ́ tí ẹ rà á lè wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ẹja náà tó kú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀ kan, Diodon hystrix, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà ní kékeré, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ lè pe ọ̀kan ní èkejì. Lẹbẹ́ wọn ni kí ẹ wò. Àmì dúdú wínníwínní kún ara hystrix, ó sì dé orí lẹbẹ́ rẹ̀. Lẹbẹ́ holocanthus kò ní àmì. Àbàwọ́n ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gba iwájú orí kọjá láti ojú kan sí èkejì. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló máa sọ bóyá táǹkì yín máa tó ẹja náà lọ́dún mẹ́rin sí i.

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò pọ̀ lè ra Canthigaster valentini, tí kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Táǹkì lítà 120 tó o. Ó ní eyín tirẹ̀ náà, ó sì máa ń já ẹja mìíràn ní lẹbẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ níṣojú yín. Pọ́fà tí ara rẹ̀ yá kì í kọ oúnjẹ. Ẹ wo ikùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́; bó bá ti wọ inú, ebi ti pa á kọjá àlà. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ mọ́, bóyá ó ń mí kíákíá jù, bóyá eyín rẹ̀ ti gùn kọjá ètè. Bí ọlọ́jà bá fi àwọ̀n gbé e sókè kúrò nínú omi kó lè wú fún yín wò, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Táǹkì

Ẹja tí ẹ máa rà lè má gùn ju àtàǹpàkò yín lọ. Ilé tí ẹ máa kọ́ fún un, ti àgbà rẹ̀ ni kó jẹ́. Fún ẹyọ kan, mo ń béèrè fún táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60. Ó máa gba nǹkan bíi lítà 650. Bí ẹ bá fẹ́ dín nǹkan kù níbẹ̀, gíga ni kí ẹ dín, ẹ má dín fífẹ̀, torí pé ẹja yìí kì í yára. Ó ń rọra wẹ̀ ni, ó sì nílò àyè láti fi yí ara rẹ̀ padà láìfi ẹ̀gún gbá gíláàsì.

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ẹ ro òkúta, yanrìn, gíláàsì àti àga abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Ìsàlẹ̀ ilé ni kí ẹ gbé e sí. Bó bá di dandan kó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kó wò ó kí ẹ tó da omi sí i, ẹ sì fi táǹkì náà sí ẹ̀bá ògiri tó ru ilé. Àwọn tó yá ilé gbé gbọ́dọ̀ sọ fún onílé kí táǹkì náà tó wọ inú ilé.

Ẹ to òkúta òkun síbẹ̀ kí ihò kan wà tí gbogbo ara ẹja náà lè wọ̀ ní ọ̀sán. Ẹ gbé òkúta náà lé orí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an kí ẹ tó da yanrìn yí i ká, kó má bàa yẹ̀ lulẹ̀. Iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo kò ṣe é láǹfààní. Wáyà ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ sí wáyà kankan níbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé. Ẹ gbé hítà sínú àgò oníhò tí wọ́n ṣe fún un, tàbí kí ẹ gbé e sí táǹkì ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá.

Táǹkì ìsàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní sump, pọn dandan lójú tèmi. Nígbà tí pọ́fà bá fọ́ akàn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Ẹ̀rún rẹ̀ á máa jáde látẹnu, á máa jáde láti ihò ẹ̀gbẹ́ orí tó fi ń mí, á máa fò káàkiri inú omi. Ìgbẹ́ rẹ̀ tún wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹ nílò asẹ́ tó nípọn tí ẹ ó máa fọ̀ léraléra, àti skimmer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi kí ọ̀rá àti ìdọ̀tí lè lẹ̀ mọ́ ìfófòó, kó sì dà sínú ife lókè. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì tó tó ìlọ́po méjì tiyín. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti fi kún nǹkan kan, skimmer ni kí ẹ fi kún.

Omi

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò. Iyọ̀ òkun tí wọ́n pò fún táǹkì ẹja ni kí ẹ rà, torí pé calcium, magnesium àti àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú òkun wà nínú rẹ̀. Gíráàmù 35 sí 38 ni lítà kan ń gbà, nítorí náà lítà 100 máa gba bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ pò ó sínú ike lọ́tọ̀, ẹ fi pọ́ǹpù rò ó di ọjọ́ kejì, ẹ kò gbọ́dọ̀ da iyọ̀ gbẹrẹfu sínú táǹkì tí ẹja wà. Refractometer lẹ máa fi wọn iyọ̀ náà: 1.023 sí 1.025 ni kó jẹ́. pH kó wà láàárín 8.1 sí 8.4, kí omi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 24 sí 26.

Omi tí ẹ máa fi po iyọ̀ ṣe pàtàkì bí iyọ̀ fúnra rẹ̀. Omi kànga dẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní irin nínú. Ẹ ti rí bó ṣe ń sọ bákẹ́ẹ̀tì di pupa. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní chlorine. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ RO (reverse osmosis) sẹ́ ló dára jù, yálà ẹ ra ẹ̀rọ náà sílé tàbí ẹ lọ ń gbọ̀n ọ́n ní ilé iṣẹ́ omi tó ní i. Ẹni tó ń gbé nítòsí òkun Àtìláńtíìkì lè máa wò ó pé kí òun kàn lọ bu omi létíkun Èkó. Èmi kò fọwọ́ sí i. Omi ọ̀sà ń dà sínú òkun níbẹ̀, lásìkò òjò pàápàá, ìwọ̀n iyọ̀ á sì máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Epo ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a rìn.

Bí omi bá ti dé ìwọ̀n, ẹ má tíì ra ẹja. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá jẹrà máa ń di ammonia, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Àwọn bakitéríà yìí gbọ́dọ̀ kún orí òkúta àti asẹ́ yín kí ẹja tó dé. Ẹ ju edé tútù kan sínú táǹkì tó ṣófo, kó jẹrà síbẹ̀, kí ẹ sì máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wo omi náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ammonia á gòkè, á sì wálẹ̀. Nitrite á tẹ̀ lé e lọ sókè, òun náà á wálẹ̀. Ọjọ́ tí méjèèjì bá di òdo, tí nitrate sì ti yọjú, ni táǹkì yín gbó. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó inú táǹkì tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa pààrọ̀ ìdá márùn-ún omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ammonia àti nitrite kò gbọ́dọ̀ kúrò ní òdo. Nitrate, ẹ gbìyànjú kó má kọjá mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Bó bá ti ń sún mọ́ 40, bóyá oúnjẹ yín ti pọ̀ jù, tàbí asẹ́ yín ti dí.

Ooru àti iná

Ẹni tó ń sin pọ́fà ní London tàbí Chicago, hítà ni ìṣòro tirẹ̀. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, òdìkejì ni. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, yàrá lè gbóná kọjá 30 lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ oxygen dúró dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ni ojútùú tó dájú, àmọ́ ó wọ́n, ó sì ń jẹ iná. Fáànù tí ẹ bá kọ sí ojú omi lè fa ooru wálẹ̀ ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé ó ń mú kí omi tètè gbẹ. Omi tó ń gbẹ lọ yìí kì í mú iyọ̀ dání. Ohun tó kù sínú táǹkì á wá máa le sí i lójoojúmọ́. Nítorí náà, omi RO tí kò níyọ̀ rárá ni kí ẹ máa fi dí i, ní àràárọ̀, títí dé ojú àmì kan tí ẹ ti fi lẹ́ẹ̀dì fà sára gíláàsì.

Ìgbà tí iná bá lọ, ẹja nìkan kọ́ ló ń wá oxygen. Àwọn bakitéríà inú asẹ́ náà ń wá a. Ẹ má ronú pé dandan ni kí ínfátà gbé gbogbo nǹkan. Pọ́ǹpù kan tó ń yí omi padà àti ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré ti tó fún òru ọjọ́ kan, wọn kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ tún ní ẹ̀rọ atẹ́gùn alábátìrì kan nílé. Bó bá jẹ́ asẹ́ onídèrí tí a ń pè ní canister lẹ ń lò, tí iná sì ti lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má kàn tàn án padà: omi tó há sínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ tú u, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi táǹkì ṣan ohun inú rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Ẹ̀rọ tí ẹbí bá sì fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230 tiwa láìfi tìràǹsífọ́mà sí i, ó jó nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù kì í sábà mẹ́nu kàn: oògùn ẹ̀fọn. Pyrethroid tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń fín sínú yàrá lágbára lórí ẹja gan-an. Ẹ̀rọ atẹ́gùn á fà á, á fẹ́ ẹ sínú omi. Ẹ lo nẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀fọn inú yàrá tí táǹkì wà. Ẹ má fín ohunkóhun níbẹ̀ láé, ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé, pàápàá àlejò.

Oúnjẹ, àti eyín tí kì í dáwọ́ híhù dúró

Ibi tí ẹja púpọ̀ ti ń kú lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn nìyí. Nínú òkun, pọ́fà ẹlẹ́gùn-ún ń jẹ ìṣáwùrú, akàn àti àwọn ẹran òkun mìíràn tó wà nínú ìkarahun líle. Bó ṣe ń fọ́ wọn ni eyín rẹ̀ ń yìnrìn. Bí ẹ bá ń fún un ní ẹran rírọ̀ nìkan, eyín náà á máa gùn, títí ẹnu kò fi ní lè ṣí tàbí pa dé dáadáa.

Ẹ lọ sọ́jà ẹja. Akàn tútù, edé ńlá pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ìṣáwùrú pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ẹni tó wà nílùú òyìnbó á rí mussel, clam àti cockle níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ kó wọn sínú fìríìsà fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kí ọ̀pọ̀ kòkòrò inú wọn lè kú, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ èyí tí ẹ bá fẹ́ lò, kó yọ́, kí ẹ da omi tó sun nù. Tútù ni ẹ máa fún un. Ẹ má sè é, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Edé gbígbẹ tí a fi ń se ọbẹ̀ kò sí fún ẹja. Akàn tó bá tóbi, ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹsẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń rún un láti òdìkejì yàrá. Sùkúìdì àti ẹran ẹja lè wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbọ́dọ̀ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ẹ máa pààrọ̀ oúnjẹ. Edé kan àti oríṣi ẹja kan ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní thiaminase, tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Pọ́fà tó ń jẹ edé nìkan láti oṣù dé oṣù lè wá ṣàìní fítámì yẹn. Á máa jẹun, síbẹ̀ agbára á máa tán lára rẹ̀. Ẹja goolu tí àwọn kan máa ń jù sí i kó máa fi ṣọdẹ ní èròjà yìí pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má jù ú sí i. Ẹ máa fi fítámì olómi tí wọ́n ṣe fún ẹja kán oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Mélòó ni kí ó jẹ? Èyí tó ṣì kéré, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kó má yọ gbàgbà. Òun kò ní gbà bẹ́ẹ̀ o. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ táǹkì, á wá síwájú, á máa gun gíláàsì lọ sókè sódò, á tiẹ̀ tu omi sí yín lójú bí ẹ bá ṣí ìdérí. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn, ebi kọ́. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn fún un lóúnjẹ, ẹ má fi ọwọ́. Ẹnu tó ń fọ́ ìkarahun kò ní ṣàánú ìka, àwọn ọmọdé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bó bá ti ń jẹun tí oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń wo oúnjẹ tí kò lè bù ú jẹ, ẹ wo eyín. Èyí tó bá ti gùn jù, ó ní bí wọ́n ṣe ń gé e: wọ́n á fi òróró kànáfùrù díẹ̀ sínú omi kó lè sùn, wọ́n á fi ohun ìgékánná mímú gé orí eyín náà, wọ́n á sì dá a padà sínú omi mímọ́ kíákíá. Dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹja ni kó ṣe é, tàbí kó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ń ṣe é, torí pé bí òróró náà bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, oorun àìjí ni.

Wíwú

Ẹ̀rù ló ń mú pọ́fà wú. Á gbé omi mì kíákíá, omi náà á kún ikùn rẹ̀, ẹ̀gún tó ti sùn sára á dìde dúró. Ní 1994, Elizabeth Brainerd gbé ìwádìí jáde lórí bí Diodon holocanthus gan-an ṣe ń ṣe é: kò ní egungun ìhà tó lè dí i lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ ká lé ara rẹ̀ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, awọ ara rẹ̀ sì ń nà gan-an.

Iṣẹ́ ńlá ni fún un. Ní 2014, Georgia McGee àti Timothy Clark wọn bí Canthigaster valentini ṣe ń mí nígbà tó bá wú, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Wọ́n rí i pé kì í dá èémí dúró gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Kàkà bẹ́ẹ̀, oxygen tó ń lò á lọ sókè gan-an, ó sì ń gbà á ju wákàtí márùn-ún lọ ní ìpíndọ́gba kí ara rẹ̀ tó padà sípò. Ẹ wá ro ẹja tí ọmọ aládùúgbò ń gbá gíláàsì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kó lè wú fún wọn wò.

Èyí tó léwu jù ni kó wú lójú afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé mì dípò omi, ó lè má rí i tú jáde. Á máa léfòó ní ìdojúdé, agara á dá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ gbé pọ́fà láti ibì kan sí òmíràn, ẹ ri ike sínú omi, ẹ rọra darí ẹja náà wọnú rẹ̀, kí ẹ gbé e pẹ̀lú omi. Ẹ má lo àwọ̀n; ẹ̀gún rẹ̀ á há sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ fi ìbọ̀wọ́ nínípọn dì í mú jẹ́jẹ́ lábẹ́ omi, kí orí wà lókè, kí ìrù wà nísàlẹ̀, kí ẹ rọra mì ín títí afẹ́fẹ́ á fi gba ẹnu jáde.

Ta ló lè bá a gbé?

Pọ́fà kan, táǹkì kan, ni mo fẹ́ jù. Akàn, edé, ìṣáwùrú tí ẹ bá fi sínú táǹkì kó máa bá yín nu gíláàsì, oúnjẹ ni gbogbo wọn. Iyùn òkun náà, á bù ú jẹ. Ẹja kékeré lè bá a gbé fún oṣù mélòó kan, kó wá di àwátì ní òru ọjọ́ kan. Lionfish tí lẹbẹ́ rẹ̀ gùn, tó ń fò lẹ́lẹ́, á di ohun tí pọ́fà ń já jẹ. Triggerfish sì máa ń fi ìyà jẹ pọ́fà. Bí ẹ bá ṣáà fẹ́ ẹlòmíràn, àwọn tang àti angelfish tó ti tóbi lè bá a gbé nínú táǹkì tó fẹ̀ dáadáa.

Àìsàn

Inú òkun ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà, wọ́n sì máa ń gbé àìsàn wá. Ẹ ní táǹkì kékeré kejì, tí kò ní yanrìn, tí kò ní òkúta, kìkì paipu ike tó lè wọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ẹja tuntun máa gbé fún oṣù kan ó kéré tán. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé, ẹ máa kán omi yín díẹ̀díẹ̀ sínú ike tó wà fún bíi wákàtí kan kí iyọ̀ méjèèjì lè bára dọ́gba.

Àìsàn tó ń dà á láàmù jù ni Cryptocaryon irritans. Àmì funfun kéékèèké á yọ sára àti lẹbẹ́, ẹja á máa fi ara ha òkúta, á máa mí kíákíá. Kòkòrò náà ń lo ọjọ́ díẹ̀ lára ẹja, á jábọ́ sílẹ̀, á pín sí púpọ̀, wọ́n á tún dìde wá ẹja. Nítorí èyí, tí ẹ bá rí i tí àmì náà pòórá, ẹ má tíì yọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo oògùn copper. Pọ́fà kò ní ìpẹ́ tó bo ara bíi ti ẹja mìíràn, copper sì lè tètè le jù fún un, nítorí náà èmi máa ń yàn láti gbé e láti táǹkì kan sí òmíràn: ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, sínú táǹkì tó mọ́ tó sì ti gbẹ dáadáa kí ẹ tó da omi tuntun sí i. Kòkòrò tó jábọ́ á kù sẹ́yìn. Bí ẹ bá máa lo copper láìka èyí sí, inú táǹkì kékeré ni o, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bó bá wọ òkúta táǹkì ńlá, á pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ májèlé tirẹ̀ ńkọ́? Tetrodotoxin, tí Yoshizumi Tahara ará Japan sọ lórúkọ ní 1909, wà lára ọ̀pọ̀ pọ́fà, sísè kì í sì í pa á. Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan nípa pé ẹ ń sin ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ológbò náà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bí pọ́fà náà bá kú, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ sin ín jìn nínú ilẹ̀. Bó bá sì sú yín láti sin, ẹ má dà á sínú ọ̀sà tàbí òkun. Ẹja tó wọ òkun tí kì í ṣe tirẹ̀ lè gbòde níbẹ̀: lionfish tó wá láti òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní etíkun Florida ní 1985, ti gba gbogbo Kàríbíánì kan báyìí. Ẹ wá ẹlòmíràn tó ní táǹkì, kí ẹ gbé e fún un.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò

Ẹni tó bá ń bá yín wo ilé ló máa pa ẹja náà, inú rere ló sì máa fi pa á. Ẹja tó ń wo ojú ẹni, tó ń gun gíláàsì, ta ló máa rí i tí kò ní fún un ní nǹkan? Àgbà pọ́fà tí ara rẹ̀ yá lè fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣàìjẹun láìsí ìṣòro, nítorí náà bó bá jẹ́ ìrìn àjò òpin ọ̀sẹ̀ ni, ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ rárá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọn oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹ kọ déètì sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó wọn sí fìríìsà, kí ẹ sì gbé gbogbo oúnjẹ ẹja yòókù pamọ́. Ẹ fi omi RO sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì pẹ̀lú ife tí wọ́n máa fi bù ú. Ẹ fi han ẹni náà bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ atẹ́gùn alábátìrì, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn án níṣojú yín. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni mìíràn tó ń sin ẹja òkun sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ní lẹ́tà gàdàgbà: a kì í fín oògùn ẹ̀fọn níbí.